Ìdọ̀bálẹ̀ kan ní Jikwoyi

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Ìyàwó mi tó mọ̀ mí jù yín lọ gan-an kò gbà; ó ní irọ́ mi ti gba ìgbéga bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí ṣá.

Iṣẹ́ mi ní Àbújá, ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń ka àwọn òṣìṣẹ́, ni kí n máa béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn bóyá wọ́n níṣẹ́, irú iṣẹ́ wo ni, àti ojú tí wọ́n ń rí nídìí rẹ̀. A máa ń ṣèlérí fún wọn pé ọ̀gá wọn kò ní gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà níbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Jikwoyi, mo ń fọ̀rọ̀ wá ọkùnrin ará Ìlọrin kan lẹ́nu wò, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta. Ó na ọwọ́ òsì sí mi. Ẹ̀rọ ti gé ìka kan níbẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi dì í ti dọ̀tí.

"Ọjọ́ kejì ni mo ti padà dé ibí o. Wọ́n ní bí mo bá jókòó sílé, kí n má wulẹ̀ padà wá mọ́."

Mo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù ọ́fíìsì. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ tán ni ohùn kan dún lẹ́yìn wa:

"Kí lẹ̀ ń kọ?"

Ọ̀gá ibẹ̀ ni. Èyí tó wá burú jù ni pé bàbá yìí náà ni alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Àbújá. Òun ló sọ àbíkẹ́yìn mi lórúkọ.

"Gbé e wá kí n kà á."

"Àṣírí ni, sà."

"Àṣírí wo? Lọ́wọ́ èmi? Gbé e wá jàre!"

Jìnnìjìnnì ti bo ọkùnrin náà. Bí ọ̀gá bá ka ìlà kan péré, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Tí mo bá sì fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, gbogbo rẹ̀ á pa rẹ́ lórí fóònù. Àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Jikwoyi, ẹ̀yin tó ń gbé ibẹ̀ ẹ mọ̀ ọ́n. Mo tẹ ibi ìfiránṣẹ́. Àmì róbótó kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń yí, kò lọ.

Mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn, fóònù lábẹ́ àyà mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà!"

"Hẹn. Dìde."

"Ẹ kú oòrùn, sà. Ìyá àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Mo ní kí o..."

"Ẹ kú ọ̀wọ́n sìmẹ́ńtì, sà! Ilé tí ẹ ń kọ́ ní Apo ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn yín ńkọ́? Àwọn ọmọ?"

Àgbà tí kò bá dáhùn ìkíni ẹni tó dọ̀bálẹ̀, lójú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ti kan ara rẹ̀ lábùkù. Ó ń dáhùn, ó ń wa eyín pọ̀. Àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì ti dá ṣọ́bìrì dúró. Mo kí i títí tí mo fi kí i kú ará fẹ́ra kù ìyá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́tipẹ́.

Ìgbà náà ni fóònù gbọ̀n lábẹ́ àyà mi. Ó ti lọ.

Mo dìde, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó wò ó síwá sẹ́yìn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Kai! Kí ló sọ fún ẹ?"

"Ó ní òun níṣẹ́, sà."

Ó wò mí. Ó wá wo ọkùnrin náà, ó wò ó pẹ́. Ó pòṣé, ó wọlé lọ, mi ò sì mọ ohun tó máa ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń lọ síbòmíràn. Ọkùnrin náà wà níbẹ̀, ó ń ti báró. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò rí mi rí láyé. Mo ti gbé ọwọ́ sókè tán láti kí i. Ni mo bá fi ọwọ́ ọ̀hún dá kẹ̀kẹ́ Màrúwà kan dúró, mo sì wọ inú rẹ̀, láìmọ ibi tí mò ń lọ.