Kírísítà Kékeré Tí Mo Kọ̀ Láti Pààrọ̀

Òórùn òjé tó ń yọ́ kò tíì kúrò nímú mi di òní. Ìparí àwọn ọdún 1990 ni, mo ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe rédíò ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ẹnu Ọwá, èmi obìnrin kan ṣoṣo láàárín ọkùnrin mẹ́rin, ẹnu mi sì ju ti gbogbo wọn lọ.

Bàbá tó bí ìyá mi ni ládàánì mọ́sáláṣí àdúgbò wa, ojú Bàbá sì ti ń ṣe bàìbàì. Nínú ààwẹ̀ ọdún tó ṣáájú, òjò ṣú lọ́jọ́ kan, Bàbá rò pé oòrùn ti wọ̀, wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbì, gbogbo ìjọ sì ṣínu kí àsìkò tó tó. Ẹni tó bá ṣínu kí oòrùn tó wọ̀, ebi lásán ló pa á. Gbogbo ìjọ ló tún ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn gbà. Àwọn alàgbà mọ́sáláṣí kò bínú, ṣùgbọ́n wọ́n ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹlòmíì ni yóò máa pe ìrun. Ó dùn mí dọ́kàn. Mo dìde, mo ní màá ṣe aago tí yóò máa dún sétí Bàbá gan-an nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Ta ló rán mi? Ẹnu mi ni.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ṣíìpù kan, ọpọlọ ẹ̀rọ tó kéré bí èékánná, ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, irú èyí tí èèyàn lè kọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ sí nínú. Mo yá kọ̀ǹpútà lò ní Ọbáléńdé, mo sì kọ ti èmi sí i. Fóòtì mẹ́ta péré ni iná tó ń jẹ, kí bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì lè gbé e nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ṣùgbọ́n ṣíìpù kò mọ àsìkò fúnra rẹ̀. Kírísítà ló ń sọ ọ́ fún un: èérún òkúta kan tí ń gbọ̀n láìsinmi, tí ṣíìpù á máa ka gbígbọ̀n rẹ̀ di ìṣẹ́jú.

Ọ̀gá mi yọ ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà àlòkù, ó wà nínú àpótí irin tó ń dán. “Eléyìí ni original. Ìgbà àìmọye mílíọ̀nù ló ń gbọ̀n kí o tó ṣẹ́jú!”

“Ọ̀gá, ẹ má bínú, fóòtì márùn-ún lèyí ń jẹ. Tá a bá fún un ní mẹ́ta, kò ní jí. Tá a bá fún un ní márùn-ún, ṣíìpù á jó. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.”

Mo lọ sí ọjà Jankara, mo ra aago ọwọ́ bíbàjẹ́ mẹ́ta, mo sì tú kírísítà wọn, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìrẹsì. Kì í gbọ̀n púpọ̀, kì í sì jẹ púpọ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo ṣọ́ọ̀bù. “Aago ọmọge lo fẹ́ gbé mọ́sáláṣí lé lórí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kí n má purọ́, aago náà kọ́kọ́ dójú tì mí. Lọ́sẹ̀ kan, ó ti fi ìdajì ìṣẹ́jú ṣáájú aago rédíò. Bí ààwẹ̀ bá fi máa parí, ìjọ yóò tún máa ṣínu kí oòrùn tó wọ̀.

Ọ̀gá ní, “Máa rọra fà á sẹ́yìn ní gbogbo Jímọ̀ọ̀. Ta ló máa mọ̀? Àbí kó o fi kírísítà tèmi sí i.”

“Tí wọ́n bá ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń fà á sẹ́yìn, Bàbá mi ò ní pe ìrun mọ́. Mi ò ní fà á, mi ò sì ní pààrọ̀ rẹ̀.”

“Ó dáa. Kó irinṣẹ́ ẹ, kó o máa lọ.”

Mo kó o. N kò bẹ̀bẹ̀, n kò sì wẹ̀yìn.

Iyàrá ìyá mi ni mo ti rí àṣìṣe náà. Kàpásítọ̀ méjì tí mo fi ti kírísítà náà, àwọn ẹ̀yà kékeré tó ń ṣàkóso bó ṣe ń yára gbọ̀n tó, kéré jù, ìyẹn ló ń jẹ́ kó sáré. Èmi tí mò ń pòwe ìwọ̀n eku fún ọ̀gá, èmi náà ni n kò wọn ìtẹ́! Mo pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó rí èyí tó bá a mu. Lẹ́yìn ìyẹn, aago àti rédíò jọ ń lọ fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀, mo tẹ àsìkò tí oòrùn máa wọ̀ lọ́jọ́ náà sí i láti inú kàlẹ́ńdà, mo sì gbé e lé Bàbá lẹ́sẹ̀ ní mọ́sáláṣí. Bí ẹni ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, òjò tún ṣú, wọ́n sì ti mú iná lọ. Èso dàbínù tí wọ́n fẹ́ fi ṣínu ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn.

“Bàbá, ilẹ̀ ti ṣú o. Ẹ pè é.”

“Kò tíì dún.”

“Àfàìmọ̀ kí aago yẹn má ti kú!”

“Mo ní kò tíì dún.”

Èmi tí mo ṣe é gan-an, láti ibi tí àwa obìnrin jókòó sí, mo ti ń ṣiyèméjì. Lójijì, atẹ́gùn gbá ìkùukùu sápá kan, oòrùn pupa sì yọjú lókè ọ̀sà. Àwọn èèyàn sọ dàbínù wọn kalẹ̀. Ìgbà tó wọlẹ̀ tán ni aago dún, Bàbá sì dìde, wọ́n pe ìrun.

Bàbá ń pe ìrun títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọ̀gá ti ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ kejì ààwẹ̀ yẹn pé kí n máa bọ̀, n kò lọ. Ṣọ́ọ̀bù tèmi ni mo ṣí. Fóònù ló ń pe ìrun lápò gbogbo ayé báyìí. Síbẹ̀, bí oníbàárà bá ń kán mi lójú pé kí n fi èyí tó lágbára jù sí i, kó ṣáà máa lọ, etí mi a máa gbọ́ ohùn Bàbá, olójú bàìbàì láàárín àwọn tó ríran, pé kò tíì dún. Èmi náà a sì jókòó ti iṣẹ́ mi.