Mítà Tí Ó Mu Òróró Kẹ̀kẹ́

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Mo ń ṣe olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Ẹgbẹ́dá, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọkọ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Kẹ̀kẹ́ ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ń tún ṣe. Nígbà tí rédíò oníbátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn àgbẹ̀ ni ó kọ́ títún rédíò ṣe mọ́ ọn.

Bí ènìyàn bá gbé bátìrì wá, mítà kékeré kan ni ó fi ń wò ó: àpótí dúdú tí kò ju ìwé orin lọ, tí ó ní dígí lójú àti wáyà méjì, pupa kan, dúdú kan. Abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn dígí náà ni yóò fi iye agbára tó kù nínú bátìrì hàn.

Ní Sátidé kan, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, ni Ìyá Ìjọ wa bá gbé bátìrì wá nínú abọ́.

"Oníkẹ̀kẹ́," ni Ìyá wí, "bátìrì tí o ní ó ti kú nìyí. Ọmọ mi gbé e lọ sí Ìbàdàn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni rédíò rẹ̀ fi í sọ̀rọ̀ kí ó tó gbé e padà wá. Òkú wo ló ń sọ̀rọ̀?"

"Ìyá, mítà ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé mítà ló ta tuntun fún mi ni, àbí ìwọ?"

Àwọn tó ń kọjá lọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ìyá lọ tán, ojú ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti fà ro. "Tíṣà," ni ó wí, "bí wọ́n bá ti ń pè mí lólè, màá padà sídìí kẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pe oníkẹ̀kẹ́ lólè."

"Wọ́n ń pè é," ni ẹ̀gbọ́n mi wí láti inú ilé. "Ẹ ò gbọ́ ni."

Mo gba mítà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì tuntun, mo fi wáyà méjèèjì kàn án. Abẹ́rẹ́ gbéra, ó sì dúró sí agbedeméjì ọ̀nà. Mo fi èékánná kan dígí rẹ̀ pẹ́pẹ́. Ó fò sókè, ó sì dé ibi tó yẹ kó dé.

"Ṣé ó ń sùn ni?" ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

Mo ní kí ó jẹ́ kí n tú u. Mo fọwọ́, mo ti fèrèsé nítorí eruku, mo tẹ́ áńkáṣíìfù funfun sórí tábìlì. Ìdè mẹ́rin ló dè é. Mo tò wọ́n sórí ìwé, mo sì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí kálukú lè padà sí ihò rẹ̀.

Inú rẹ̀ dùn ún wò. Òòfà ńlá kan wà níbẹ̀ tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Láàárín rẹ̀ ni wọ́n wé wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí sí, ìlà rẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn láìsí èyí tó gun èkejì. Ojú ibi tí wọ́n fi òjé jó wáyà pọ̀ ń dán, wọ́n sì fi okùn tí a fi ìda pa di àwọn wáyà tó kù pọ̀ ní ìdì kan ṣoṣo. Ẹni tó ṣe é kò kánjú rárá. Ṣùgbọ́n ní ìdí abẹ́rẹ́, níbi tó ti ń yí, nǹkan dúdú kan lẹ̀ mọ́ ọn bí ìdọ̀tí inú ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Bọ̀dá, ta ló da òróró síbí?"

"Èmi ni," ni ó wí, inú rẹ̀ sì dùn sí i. "Lóṣooṣù ni mò ń fún un. Irin tí kò bá mu òróró, báwo ni yóò ṣe rìn?"

Mo rọra ṣàlàyé fún un pé abẹ́rẹ́ yìí kò jọ ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́. Orí òkúta kékeré méjì tí wọ́n ti dán ni ó jókòó sí. Gbígbẹ ni wọ́n ṣe é kó máa yí. Òróró ló pe eruku wá, àwọn méjèèjì sì di ẹrẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Mo fi ṣóńṣó ìyẹ́ adìyẹ bọ sípírítì tí wọ́n fi ń nu egbò, mo nù ún lẹ́ẹ̀mejì, a sì dúró kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, bátìrì tọ́ọ̀ṣì yẹn gbé abẹ́rẹ́ débi tó yẹ láìjẹ́ pé mo kan dígí.

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò dùn. Ó fa apẹ̀rẹ̀ bátìrì tí ó ti sọ pé wọ́n ti kú jáde, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kò dín ní márùn-ún. Ó di wọ́n sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo tẹ̀lé e, ó sì ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ ohun tí ó ṣe fún wọn, tòun ti òróró.

Ilé Ìyá Ìjọ ni a parí sí. Bátìrì tuntun mìíràn ni ó gbé lọ fún Ìyá, láti fi dípò owó tí ó ti gbà lọ́wọ́ wọn láìyẹ. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Kì í ṣe olè lo ń jà nígbà náà," ni Ìyá wí, "òróró lo ń dà." Wọ́n gba bátìrì, wọ́n sì wojú rẹ̀. "Rédíò mi tó wà lọ́dọ̀ rẹ fún àtúnṣe ńkọ́? Ṣé o ti fún òun náà mu?"

Ó fọwọ́ họ orí. "Díẹ̀ ni, Ìyá."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi tú, wọ́n sì ní kí ó wọlé wá jẹun. Bí ọjọ́ Ajé ṣe mọ́, àwọn ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé bátìrì wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó fi ìmọ̀ iṣẹ́ àná ṣe iṣẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ gun kẹ̀kẹ́ yín, kí ẹ lọ sọ ọ́ lójú ẹni tí ẹ ṣe é sí.