Kànga Tó Mọ́ Gaara

Omi dúdú ni gbogbo ayé ń sá fún. Ní ti Bàríkísù, omi tó mọ́ gaara ló ń bẹ̀rù, iṣẹ́ ìjọba ló sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Àdúgbò Adéwọlé ní Ìlọrin ni òun àti Àbdùlkàdírì, ọkọ rẹ̀, ń gbé. Bó bá ti dé ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ omi ìjọba ní GRA láàárọ̀, á kó ìgò sínú àpótí, dírẹ́bà á sì gbé e lọ sí Budo Àlàbí, abúlé kan lẹ́yìn Ìlọrin níbi tí ilé-iṣẹ́ kan ti wa èédú. Nígbà tí èrè ò wọlé mọ́, wọ́n kó ẹrù wọn lọ ní ọdún 1990, wọ́n fi kòtò gbàǹgbà sílẹ̀ fún òjò. Omi kòtò náà ń ṣàn lọ sínú odò, ó sì ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ inú kànga. Iṣẹ́ Bàríkísù ni kó máa bu omi odò àti ti kànga, kó lè mọ̀ bóyá ó ṣeé mu.

Kò ṣeé mu. Pépà ìdánwò tó bá tì bọ̀ ọ́ a pọ́n lójú ẹsẹ̀, àmì pé ásíìdì tó ń jẹ irin wà nínú omi náà. Ọ̀pọ̀lọ́ ò ké létí odò náà mọ́. Lásìkò òjò pàápàá, ṣe ni ibẹ̀ ń dákẹ́ bí ilé tí òkú wà. Ewúrẹ́ tó bá lóyún tó sì ń mu níbẹ̀, òkú ọmọ ló ń bí. Ìṣojú Bàríkísù ni ọ̀kan ti bí tirẹ̀. Ìyá ewúrẹ́ náà dúró, ó ń lá ọmọ tí kò mí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ òun.

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yìí ò kúrò lọ́kàn Bàríkísù, nítorí òun náà ń wá ọmọ. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, ojú sì ti pọ̀ lára rẹ̀.

Budo Àlàbí yìí kan náà ni ìyá rẹ̀, Talatu, ń gbé láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú; ibẹ̀ ni Bàríkísù dàgbà sí.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ má mu omi kànga yẹn mọ́."

"Bàríkísù, ìgbà tí omi kún fún ẹrẹ̀, ṣebí òun lo mu dàgbà? Ìgbà tó wá mọ́ tán lo ní ká má mu ún!"

Ìyá ò parọ́; ásíìdì yẹn gan-an ló mú kí ẹrẹ̀ rọlẹ̀ tí omi fi mọ́. Bàríkísù bẹ̀rẹ̀ wo inú kànga. Ojú ara rẹ̀ ń wò ó; lábẹ́ ojú náà, bọ́kẹ́ẹ̀tì onírin kan tó ti já síbẹ̀ tipẹ́ jókòó sísàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tó tún padà wá, bọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù. Nígbà tó yá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Omi ló jẹ ẹ́. Bàríkísù sọ ọ́ fún gbogbo abúlé títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé àlùjànnú wà nínú kànga, pé bó bá ti gba ohun tí èèyàn fún un, àdúrà onítọ̀hún gbà nìyẹn. Ni wọ́n bá ń ju ọ̀bẹ àti ṣíbí sínú omi mímu. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe fún irú wọn? Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì náà ò sàn jù wọ́n lọ. Ìjọba ń yí padà, ta ló ráyè kànga?

Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá ń fi hántú ránṣẹ́ sí Adéwọlé, torí ọmọ tí Bàríkísù ń wá. Alfa Múdàṣírù tó ń gbé nítòsí ọjà Ìpàtà ló ń kọ Kùránì sórí wàláà, tó sì ń fọ̀ ọ́ sínú ìgò. Hántú náà dúdú fún tàdáwà tí Alfa fi kọ ọ́, ó sì kan díẹ̀ lẹ́nu. Láràárọ̀, Bàríkísù á ṣe Bìsìmílàhì, á gbé e mu. Pépà ìdánwò wà nínú báàgì rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi pépà ìjọba dán ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun wò?

Lọ́dún 1993, kò rí nǹkan oṣù rẹ̀. Dókítà ní oyún ni. Àbdùlkàdírì sunkún ayọ̀ bí ọmọdé. Ọjọ́ tí iṣẹ́ tún gbé Bàríkísù lọ sí Budo Àlàbí, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ yà sí.

Talatu forí kanlẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Lẹ́yìn náà ló di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó fà á lọ sídìí kànga.

"Wo ìsàlẹ̀."

"N ò rí nǹkan kan, Ìyá."

"Kí lo fẹ́ rí? Ẹ̀gbà irin tí mo fi sí ọ lẹ́sẹ̀ nígbà tí ò ń kọ́ ìrìn ni mo jù síbẹ̀. Àlùjànnú ti gbà á! Àlùhamdùlílàhì!"

Bàríkísù di etí kànga mú. Ojú rẹ̀ nìkan ló wà nínú omi, ó ń wò ó.

"Ìyá, omi wo ni Alfa fi ń fọ wàláà mi?"

"Omi wo tún ni? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń gbé e lọ bá a n'Ípàtà. Ṣé omi ẹ̀rọ yín tó ń rùn bí oògùn ni kó fi fọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun? Omi kànga yìí tó mọ́ jù ni mo fún un." Talatu fa ìgò kan yọ lábẹ́ ìborùn rẹ̀. "Gbà. Má dá a dúró títí o ó fi bí."

Bàríkísù gba ìgò náà. Ó fi ọwọ́ kejì bo ikùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ń kọrin ọmọ, ó ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn wọn, ewúrẹ́ kan tó lóyún ń lá omi tó dà sílẹ̀ létí kànga.