Dókítà Ìnṣírá àti Ọ̀rọ̀ Kalás

Ẹni tó bá fẹ́ bá Dókítà Ìnṣírá jà, kó yáa wá nǹkan mìíràn ṣe. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ títí, ó sú mi. Èmi Ìyá Rámísì ni mo ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Dùmíyátì, nílẹ̀ Íjíbítì. Èmi ni mo ń pe orúkọ àwọn aláboyún, èmi náà ni mo ń bá àwọn ìyá ọkọ wọn fa wàhálà. Òun wà nínú yàrá, níwájú ẹ̀rọ tó fi ń ya àwòrán inú. Bí mo bá wọlé tọ̀ ọ́ pé, "Dókítà, èrò ti kún ìta, ẹ ṣe kíá," á ní, "Ìyá Rámísì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé omi kaná." Ìgò ìpara tó fi ń pa ikùn aláboyún ló máa ń rì sínú omi gbígbóná náà, torí ó ní kò yẹ kí òtútù jẹ́ ohun tí ọmọ máa kọ́kọ́ mọ̀ láyé.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ wíwò bóyá akọ tàbí abo lọmọ ló ń ṣe o. Àwọn tó fẹ́ mọ ìyẹn ní ibi tí wọ́n ń lọ. Ibi ọmọ ni tirẹ̀: ṣé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ń ta bó ṣe yẹ, ṣé oúnjẹ ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ? Ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń fi àwọ̀ pupa àti búlúù han ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀. Bí ìyá bá mí, àwòrán á bàjẹ́, ìdí nìyẹn tó fi máa ń sọ pé, "Má mí." Òun náà á sì di èémí tirẹ̀ mú títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Dókítà, ṣé inú tiyín náà ni wọ́n ń yà ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ̀ rárá pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé bóyá torí pé apẹja ni bàbá òun, inú odò lòun ti ń mòòkùn dàgbà. Ẹ gbà mí! Obìnrin tó ń rí inú gbogbo ayé, kò rí ara rẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó ń wá, Ráwìyá, ìyàwó Ṣáúkì gbẹ́nàgbẹ́nà, ló wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni oyún ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára níbòmíràn, torí àwọn iṣan ibi ọmọ kò ta. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, Àlájà Dáúlátì, ìyá ọkọ rẹ̀, ló jókòó síta, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì jáde wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un: kalás. Ó ti tán. Àlájà sọ fún mi pé láti ìgbà náà, bí ọlọ́jà bá ní wàrà òun ti tán, "kalás," àyà òun máa ń já.

Oyún ti báyìí ni ìkẹta. Dókítà ní kí Ráwìyá máa wá déédéé, kí òun lè máa wo bí iṣan ṣe ń ta. Àlájà kì í jẹ́ kó dá wá. Á jókòó tì mí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, á máa yọ mí lẹ́nu.

"Ìyá Rámísì, ṣé tíì lẹ pe èyí? Omi tí wọ́n fi ṣan ife nìyí."

"Àlájà, ṣúgà ló wọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, ahun ni yín. Ilé ìwòsàn ahun."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń bá ara wa ṣeré, àmọ́ bí ilẹ̀kùn bá ti pa dé mọ́ Ráwìyá báyìí, Àlájà á gbé tíì sílẹ̀, á máa ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ kíákíá.

Àṣìṣe tó wá ṣẹlẹ̀, àwa ará Íjíbítì nìkan la lè ṣe é. Lédè wa, kalás tí à ń wí bí nǹkan bá tán, òun náà ni orúkọ ibi ọmọ. Ta ló fún méjèèjì lórúkọ kan náà? Èmi kọ́ o.

Lóṣù karùn-ún, Ráwìyá wọlé bó ṣe máa ń wọlé. A gbọ́ "Má mí." Ó pẹ́, ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lójijì, Dókítà tí kì í pariwo gbé ohùn sókè: "Kalás! Ráwìyá, kalás!" Ráwìyá sì bú sẹ́kún.

Yéè! Kí n tó dìde, Àlájà ti wà nílẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá ara rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń ké pé, "Ó tún ti tán o! Ṣáúkì ọmọ mi, mo gbé o!" Mo ní kó dákẹ́, kò gbọ́. Ó ti fa fóònù yọ, ó ti pe ọmọ rẹ̀. Àwọn aláboyún tó kù ń sunkún, wọn ò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sunkún sí. Kí n má purọ́, omi bọ́ lójú èmi náà.

Ilẹ̀kùn ṣí. Dókítà dúró síbẹ̀, ìpara lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́!" Àlájà jágbe mọ́ ọn. "Ẹ ní kalás!"

"Kalás rẹ̀ ni mo ní kó wò!" Dókítà fọwọ́ lu orí ara rẹ̀. "Ibi ọmọ, Àlájà! Iṣan rẹ̀ ti ta kárí! Ẹ wá fojú ara yín rí i."

Ó fà á lọ́wọ́ wọlé. Èmi náà wọlé, ta ló máa dá mi dúró? Lójú ẹ̀rọ náà, pupa àti búlúù ya síbí, wọ́n ya sọ́hùn-ún, ẹ̀ka lórí ẹ̀ka, bíi gbòǹgbò àlùbọ́sà tí wọ́n gbé lé orí ife omi. Ráwìyá ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Àlájà wò ó títí.

"Gbogbo èyí, ẹ̀jẹ̀ ni?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni, Màmá. Ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ yín ló ń lọ."

"Ẹ̀yin náà! Ṣé ẹ ò rí orúkọ mìíràn pè é ni? Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!"

Ibẹ̀ la wà tí Ṣáúkì já wọlé, bàtà lẹ́sẹ̀ kan, eruku pákó kún irun rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tò tẹ̀ lé e. Ọ̀kan tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ àga dání. Mo ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin, ta lẹ fẹ́ lù?" Wọn ò mọ̀. Nígbà tí a ṣàlàyé, Ṣáúkì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lọ ra mùṣábákì fún gbogbo ìta. A jẹ àdídùn títí ọwọ́ wa fi ń lẹ̀. Ilẹ̀ náà lẹ̀ tìmọ́tìmọ́, èmi ni mo nù ún.

Mo rò pé Dókítà máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ó dùn ún gan-an ni. Ó ní, "Ayọ̀ ni mo fẹ́ fún un, Ìyá Rámísì, ẹ̀rù ni mo fún un." Láti ọjọ́ náà ló ti fòfin de kalás nílé ìwòsàn wa. "Igi" la wá ń pe ibi ọmọ: igi Ráwìyá ti yọ ẹ̀ka tuntun, igi lágbájá ń fẹ́ ìsinmi. Bí ṣúgà bá tán, mo gbọ́dọ̀ sọ pé ó rìnrìn àjò. Mo kùn, mo sì ń tẹ̀ lé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ráwìyá rọbí, èmi, Àlájà àti Ṣáúkì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá ìgbẹ̀bí nílé ìwòsàn mìíràn. Ta ni mo rí? Dókítà Ìnṣírá, tí kì í gbẹ̀bí!

Mo ní, "Dókítà, ta ló pè yín?"

"Mo kàn ń kọjá lọ ni."

Ẹni tó ń kọjá lọ, tó ti ilé ìwòsàn rẹ̀ pa! Ó fara ti ògiri. Mo wo ojú rẹ̀, kò mí.

Ọmọ ké. Ṣáúkì fò sókè, àmọ́ Àlájà kò mira. Ó ní bí ibi ọmọ ò bá tíì jáde, ewu ṣì wà lórí ìyá, òun ò tíì bá ẹnikẹ́ni yọ̀. A tún dúró. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kékeré kan tí kò mọ òfin wa yọrí síta, ó ní, "Kalás ti jáde. Odindi ni. Ara ìyá le, ara ọmọ le."

Gbogbo wa yíjú sí Àlájà. Mo ti na ọwọ́ láti gbá a mú.

Ó ní, "Kí lo pè é?"

Ẹ̀rù ba nọ́ọ̀sì. "Kalás, Màmá."

"Tún un sọ."

"Kalás."

"Tún un sọ, ọmọ mi, kí n gbọ́ ọ dáadáa."

Ọmọbìnrin náà tún un sọ. Àlájà ké igbe ayọ̀ tí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi dún. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Dókítà, tó ṣì fara ti ògiri, tójú rẹ̀ ti pọ́n. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láyà pẹ́pẹ́.

"Kalás, ọmọ mi," ó ní. "Ó yá, mí."