Elégédé Bàbá Alfred

Ọjọ́ tí Ṣàmsíátù aránṣọ kọ́kọ́ rí Bàbá Alfred ní àdúgbò Natako, ọ̀sán gangan ni. Bàbá dúró sínú oòrùn láìdé fìlà, ó na agboòrùn bo elégédé. Ṣàmsíátù, tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan ládùúgbò, kí i pé, "Okun o, bàbá. Ṣé ara elégédé yín ò yá ni?"

"Oòrùn tí o ń rí kọ́ lọ̀tá," ni bàbá dáhùn. "Èyí tí o ò rí ló ń jẹ ewé."

Ṣàmsíátù rọra fẹ̀yìn rìn, ó sì lọ ń wádìí bóyá yàrá ṣì wà ní àdúgbò kejì, Crusher.

Orí bàbá pé. Ọmọ Agbájá, ìlú orí òkè, ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba. Ìyá rẹ̀ ló fi irú elégédé náà sílẹ̀. Ọdọọdún ni irúgbìn rẹ̀ ń dínkù, ó wá ku méje péré, méjèèje ló sì ti wà nílẹ̀ yẹn. Bí wọn ò bá so, ó parí nìyẹn. Bàbá ti kà á pé ìtànṣán kan wà nínú oòrùn tí ojú ènìyàn kì í rí: bó bá pọ̀ jù, ewé á ká kò, ìtàkùn ò ní gùn, lẹ́búlẹ́bú inú akọ òdòdó á sì bàjẹ́.

Nígbà tí apá ro ó, ó lọ wá ọ̀rá tó ń dí ìtànṣán náà lọ́nà. Ó gbé ọ̀rá sókè lọ́jà, ó ní òun ṣì ń rí oòrùn nínú rẹ̀. Obed tó ń ta ọ̀rá bi í pé báwo ni bàbá ṣe fẹ́ mọ̀ pé ohun tí ojú kì í rí ti lọ. Bàbá rà á.

Lábẹ́ ọ̀rá, elégédé nà bí ẹni tó fẹ́ yọjú wo Odò Ọya. Òdòdó yọ rẹpẹtẹ, èso kò yọ. Oyin á wọlé, á rìn kiri, á jáde.

"Ọ̀lẹ ni oyin Natako," ni bàbá wí. "Wọ́n ń wá síbi iṣẹ́, wọn ò ṣiṣẹ́."

"Bàbá, àbí ọ́fíìsì yín ni wọ́n ti wá?" ni Ṣàmsíátù, tí kò rí yàrá ní Crusher, bi í.

Bàbá tún ṣíwèé. Àṣé ìtànṣán tí òun dí yẹn gan-an ni oyin fi ń rí àmì ọ̀nà lára òdòdó. Kò gbà pé òun ṣì í ṣe; ó ní ẹ̀kọ́ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ó di àràárọ̀ kí ó wọ agbádá, kí ó já akọ òdòdó, kí ó gbé e tọ abo lọ, kí ó sì máa bẹ ìdílé ìyàwó pé kí wọ́n má bínú pé àwọn pẹ́. Agbádá náà gbá abo mẹ́rin dànù.

Òdòdó ti ń tán lọ nígbà tí àìsàn dá bàbá jókòó. Ó ránṣẹ́ pe Ṣàmsíátù.

"Ká ọ̀rá yẹn kúrò, ọmọ mi," ó ní. "Ìyá mi ò bo nǹkan kan."

Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ṣàmsíátù ò rẹ́rìn-ín. Ó ká a. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oyin dé, bàbá sì jókòó sórí àpótí, ó ń kí wọn kú iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Elégédé méjì so.

Bàbá kú kí wọ́n tó gbó. Ṣàmsíátù ló gé wọn, òun náà ló kó irúgbìn wọn gun òkè Agbájá lọ gbìn.

Bàbá Alfred wà ní Agbájá báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ìtàkùn elégédé sì ti bo sàréè méjèèjì.