Kìnnìún Ọwọ́ Òsì

Omi ti bọ́ sínú sìmẹ́ńtì kí n tó mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pò ó fún. Bàbá Oníkìnnìún ló ń fi ṣọ́bìrì rò ó, tí irin ń ha ilẹ̀ kàràkàrà, tí gbogbo ibẹ̀ sì ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rin. Wọ́n ti ṣe kìnnìún kan tán sórí òpó géètì wa tọwọ́ ọ̀tún. Òpó tọwọ́ òsì ṣì wà lófìfo, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi wáyà so pọ̀ ló yọ síta lórí rẹ̀ bí egungun ẹja. Bàbá gbé páànù sìmẹ́ńtì náà síwájú mi, wọ́n nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, wọ́n sì lọ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù.

"Ó yá," ni wọ́n wí. "Tìrẹ nìyẹn."

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé girama nígbà náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀. Láyé ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, àwọn òbí mi kó wa kúrò ní Èkó lọ sínú ilé tí dádì mi ń kọ́ lọ́wọ́ ní Mòwé. Mo ní ń kọ́ lọ́wọ́, nítorí a ti kó wọnú rẹ̀ kó tó ní fèrèsé. Bí dádì bá fẹ́ pe èèyàn, wọ́n á gun orí òkìtì búlọ́ọ̀kù kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wọlé, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Kílẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń gbọ̀nà ibi iṣẹ́ lọ sí Èkó, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí wọ́n tó dé. Ariwo ọkọ̀ ńlá lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn la máa ń gbọ́ sùn, òun náà la máa ń gbọ́ jí.

Bàbá tí mò ń sọ yìí háyà yàrá kan lẹ́yìn ilé wa. Apá Ọ̀ṣun ni wọ́n ti wá. Wọ́n ti ṣe bíríkìlà títí ẹ̀yìn wọn kò fi gbà á mọ́, ni wọ́n bá kúkú fi ògiri rírẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n gbájú mọ́ ẹran. Ẹran ni àwa ọmọdé ń pe ère sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń ṣe. Ayé ìgbà náà, ilé tí kò bá ní kìnnìún tàbí idì lórí òpó géètì, ńṣe ló dà bíi pé onílé kò tíì dé. Láti Mòwé dé Ìbàfò, ẹran Bàbá Oníkìnnìún kò lóǹkà.

Bẹ́ẹ̀, wọn kò rí kìnnìún rí. Ewúrẹ́ wọn ni wọ́n máa ń wò. Wọ́n á so ó mọ́ igi, wọ́n á wo bó ṣe ká ẹsẹ̀ sábẹ́, bó ṣe gbé ọrùn, wọ́n á sì wá fi irun kún un. Gbogbo kìnnìún àdúgbò wa ló ní pátákò. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan.

"Bàbá, ṣé kìnnìún ní pátákò ni?"

"Ìwọ ti rí i rí?"

"Rárá sà. Àmọ́ nínú ìwé wa, èékánná ló ní."

"Ó dáa. Kìnnìún tó bá ní mo purọ́ mọ́ òun, kó wá fẹjọ́ sùn ní Mòwé."

Bí mo bá ti tilé-ìwé dé, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń sá lọ. Màá mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, màá máa ya àwòrán sórí yanrìn tí wọ́n kó jọ: ewúrẹ́ wọn, àdìẹ, mọ́mì mi tó ń bá aládùúgbò jà nítorí omi. Lórí yanrìn, ta ló tó mi? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ohun tí kò ní pa rẹ́ fún mi, ọwọ́ mi á kú. Mọ́mì ra ìwé ìyàwòrán fún mi nígbà ọdún Kérésì, ó mọ́ tónítóní títí di ọdún Àjíǹde. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́. Bí mo bá fi pẹ́ńsù kan án, màá tún pa á dé. Ó ń dùn mí gan-an, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo tún ṣàkíyèsí nǹkan kan lára Bàbá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹran tuntun, wọn kì í sún mọ́ ọn láàárọ̀. Wọ́n á gbálẹ̀. Wọ́n á fọ irin iṣẹ́ tí wọ́n ti fọ̀ lánàá. Wọ́n á já koríko fún ewúrẹ́ títí ewúrẹ́ á fi kọ oúnjẹ. Mo rò pé ara iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀, àfi ìgbà tí mo bi wọ́n.

"Ẹ̀rù ni," ni wọ́n wí.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré.

"Mo ní ẹ̀rù ni. Èyí tí mo ṣe níjọ́sí dáa, ta ló sọ pé tòní á dáa? Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn, látìgbà tí mo ti ń ṣe é." Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi dání. "Àmọ́ tí mo bá ti lè da omi sí sìmẹ́ńtì báyìí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Sìmẹ́ńtì kì í dúró deni. Bóo bẹ̀rù, bóò bẹ̀rù, ó máa le."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lóòótọ́. Àwọn bíríkìlà yòókù á wọn nǹkan, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, wọ́n á jiyàn. Bàbá á po sìmẹ́ńtì ná, kí wọ́n tó mọ ibi tí ẹran náà máa kọjú sí.

Ìgbà tó yá, ó kan géètì tiwa. Dádì mi, ògbóǹtarìgì ọmọ ìjọ, fẹ́ kìnnìún méjì nítorí Kìnnìún ẹ̀yà Júdà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ wá gbàdúrà sílé náà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Láàárọ̀ Sátidé, Bàbá sọ fún dádì níwájú géètì pé:

"Láńlọ́ọ̀dù, ọmọ yín ló máa ṣe èkejì o."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Ṣé géètì mi ni wọ́n á fi kọ́ṣẹ́ ni? Pásítọ̀ ń bọ̀ lọ́la!"

"Bó bá bàjẹ́, màá wó o, màá tún un ṣe kílẹ̀ tó ṣú."

Dádì yíjú sí mi. "Ṣé wàá lè ṣe é?"

Mo ti la ẹnu láti sọ pé rárá. Bàbá kò dúró gbọ́ ọ. Wọ́n ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi, wọ́n ti ń dà á. Dádì kàn mirí, wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn kí ojú wọn má bàa rí i.

Bí èmi àti páànù sìmẹ́ńtì ṣe kojú ara wa nìyẹn. Oòrùn ti ń mú. Mo rí i tí omi ojú sìmẹ́ńtì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Bàbá ń bó ọsàn, wọn kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

"Bàbá, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ibi tó bá wù ẹ́. Ṣáà má jẹ́ kó le."

Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo gbá a mọ́ irin, pà! Ìdajì rẹ̀ já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Mo bu òmíràn. Ìyẹn dúró. Mo gun orí búlọ́ọ̀kù, mo ń bù, mo ń lẹ̀ ẹ́, mo ń fi ọ̀pá ìlarun tó ti kán ya irun ọrùn rẹ̀, mi ò sì rántí mọ́ pé ẹ̀rù ń bà mí. Bàbá kò dìde àfi láti wọ́n omi sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sọ̀rọ̀: "Ikùn ẹ̀ tẹ́ jù, fún un lóúnjẹ." Èékánná ni mo ṣe sí i lẹ́sẹ̀. Wọ́n rí i, wọ́n sì gbé ọsàn sẹ́nu.

Ẹnu rẹ̀ ló dà mí láàmú. Mo fẹ́ kó bínú, kó dẹ́rù ba olè. Mo fi ìdí ṣíbí tẹ̀ ẹ́, etí ẹnu méjèèjì sì ká sókè. Kí n tó ní kí n tún un ṣe, ó ti ń le.

"Bàbá, ó ti bàjẹ́! Ó ń rẹ́rìn-ín!"

"Jẹ́ kó rín. Ó yẹ kínú ẹnì kan dùn nílé yìí."

Dádì jáde. Wọ́n wo kìnnìún náà, wọ́n wò mí, sìmẹ́ńtì ti dé irun orí mi. Bàbá ti di ṣọ́bìrì mú, wọ́n ń retí kí onílé pàṣẹ kí wọ́n wó o. Dádì mi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú yanrìn.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọmọ mi ló ṣe é."

Mi ò mọ ohun tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì sọ lọ́jọ́ kejì, nítorí ojú mi ti kúrò níbẹ̀. Ohun tí mò ń rò ni ẹran tí mo tún lè ṣe. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìwé ìyàwòrán mi ti kún dé ìdajì. Ó bàjẹ́ dáadáa, inú mi sì dùn.

Nígbà tí ojú Bàbá kò ríran dáadáa mọ́, àwọn ọmọ wọn wá mú wọn padà sílé. Ère mímọ ni èmi náà fi ń jẹun báyìí. Àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún mi rò pé onígboyà ni mí. Wọn kò mọ̀ pé láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo máa ń fọ gbogbo abọ́ ilé, títí kan èyí tó mọ́. Mo rò pé bí mo bá dàgbà, ẹ̀rù yẹn á lọ. Ńṣe ló bá mi dàgbà. Ṣùgbọ́n mi ò bá a jókòó pẹ́. Mo ti wó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lulẹ̀, mo sì ti tún wọn mọ. Ohun tó bá bàjẹ́ ṣeé wó, ó ṣeé tún ṣe. Ohun tí a kò bẹ̀rẹ̀ ni kò ní àtúnṣe.