Bàbá Adọ̀bálẹ̀

"Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. O ń sọ mí di kékeré."

Ohun tí bàbá mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ó wà lórí ibùsùn, mo dúró tì í pẹ̀lú ife omi. Mo rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ló ń sọ.

Iṣẹ́ fídíò yíyà ló ń ṣe. Adọ̀bálẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ọ̀gá kan tó ṣí ilé tuntun. Ọ̀gá náà kúrú. Bàbá mi nà gbọọrọ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbé kámẹ́rà sójú. Ọ̀gá rò pé ó ń kí òun.

"Dìde, ó tó."

"Kò tíì tó, sà. Orí yín ò tíì kan òrùlé."

Nínú fídíò, ọ̀gá ga ju ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. Ó ní, "Èyí ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi, kí ẹ máa mú tilé lọ."

Ẹni tí bàbá mi bá fẹ́ràn, ìsàlẹ̀ ló ti ń yà á. Ẹni tó bá ń parọ́, á sún mọ́ ọn títí ojú onítọ̀hún á fi kún kámẹ́rà. Ẹni tó bá kórìíra, á gun àkàbà yà á. Ó gun àkàbà ya onílé wa. Onílé jáde bí ẹ̀wà tó dé fìlà.

"Èmi nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ibi tí mo dúró sí ni."

Onílé ní kí àwa náà wá ibòmíràn dúró sí.

Lọ́jọ́ tí à ń kó ẹrù, bàbá mi wà lódìkejì títì, ó ń yà wá lókèèrè.

"Bàbá wọn, ẹ wá gbé àpótí," ni ìyá mi wí.

"Ìyá wọn, jẹ́ n jìnnà díẹ̀. Ohun tó bá dun ni, a kì í wò ó nítòsí."

"Ẹ jìnnà dáadáa. Ẹrù ń bọ̀ wá bá yín níbẹ̀."

Níbi ìsìnkú rẹ̀, àwọn tí kò pè é síṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí fóònù ti dọ́wọ́ wọn ló ń sọ ìtàn wọ̀nyí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ ti gba ọmọkùnrin kan tí yóò ya fídíò. Ọmọkùnrin náà gun orí òkìtì yẹ̀pẹ̀, ó dojú kámẹ́rà kọ inú sàréè.

"Sọ̀kalẹ̀," mo wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ibí ló ti hàn jù."

"Sọ̀kalẹ̀. Bàbá mi kì í ṣe onílé wa."

Àbúrò bàbá mi fà mí sẹ́yìn, ó ní kí n má dójú ti àwọn. Mo ti wo fídíò náà. Pósí rẹ̀ ò ju páálí ìṣáná lọ.

Lónìí, mò ń nu yàrá rẹ̀. Mo nà gbọọrọ sílẹ̀ kí àkísà lè dé abẹ́ ibùsùn. Mo gbójú sókè. Ibùsùn náà ga kan òrùlé.

Mo tún ibẹ̀ nù.